Kí Ẹ Tó Pa Fọ́tò Rẹ́ Lórí Káàdì Kámẹ́rà

Lọ́jọ́ Sátidé kan ṣoṣo, fọ́tògíráfà lè ya ìnáwó òkú àgbà ní Kàbà láàárọ̀, kó tún ya ìgbéyàwó ní Ìyàrá lọ́sàn-án. Kí ilẹ̀ tó ṣú, káàdì ti kún, ọwọ́ á sì máa yún un láti pa díẹ̀ rẹ́ nínú ti àárọ̀, kí ti ọ̀sán lè ráyè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ẹ má pa fọ́tò kankan rẹ́ lórí káàdì àfi tó bá ti wà níbi méjì mìíràn. Owó tí èyí ń náni kò tó bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò.

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò iye ààyè tí ẹ nílò. Bí kámẹ́rà bá jẹ́ ti megapixel 24, fọ́tò JPEG kan (fáìlì tí kámẹ́rà ti fún pọ̀) á tó nǹkan bíi 10MB, ti RAW (fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe) á tó 25 sí 30MB. Fọ́tò 1,500 ní JPEG á gba bíi 15GB. Ní RAW, á sún mọ́ 45GB. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rà ni káàdì kejì. Káàdì 64GB méjì sì sàn ju 128GB kan lọ lójú tiwa, torí bí ọ̀kan bá bàjẹ́, gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ náà kò ní bá a lọ.

Ibi tí ẹ máa kó wọn sí láti orí káàdì, hard disk alágbèéká ló ṣì ń gba fọ́tò púpọ̀ jù lọ lówó pọ́ọ́kú. Èyí tó jẹ́ 1TB lè gba irú ìnáwó RAW tí a ṣírò yẹn tó 20. Àléébù rẹ̀ ni pé àwo inú rẹ̀ ń yí: bó bá jábọ́ tàbí tí ẹ gbé e kiri nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ó lè tibẹ̀ kú. Iná tó ń lò sì ń bọ̀ láti inú wáyà USB. Iná tí ihò USB 2.0 ń fúnni kò ju 500mA (milliampere) lọ nínú ìlànà rẹ̀, ti USB 3.0, tí inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ búlúù, tó 900mA. Bí iná kò bá tó, ẹ ó gbọ́ ká, ká, ká. Á yọ lójú kọ̀ǹpútà, á tún pòórá. Ẹ má tíì sọ pé ó ti bàjẹ́. Ẹ lo wáyà kúkúrú, ẹ fi í bọ inú láàpútọ́ọ̀pù gan-an, kì í ṣe inú ẹ̀rọ tó ń pín ihò USB. Bó bá ṣì ń dún bẹ́ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà mìíràn tí iná rẹ̀ dára, ẹ yọ ọ́ kíá, ẹ má gbìyànjú rẹ̀ mọ́, torí gbogbo ìgbà tí ẹ bá tàn án lè fi kún ìbàjẹ́ rẹ̀.

SSD, tí òun náà jẹ́ dísìkì tí a ń kó fáìlì sí, kò ní ohun tó ń yí nínú, ìṣubú kì í tètè pa á, àmọ́ owó rẹ̀ wọ́n ju hard disk lọ tí ààyè wọn bá dọ́gba. Ẹni tó ń fi fóònù kó fọ́tò kúrò lórí káàdì, òun ló yẹ kó rà á, torí ọ̀pọ̀ fóònù kò lágbára láti gbé hard disk.

Ẹ ṣọ́ra gidigidi fún fílàṣì tí wọ́n kọ 2TB sí lára, tí owó rẹ̀ kò sì ju ti 32GB lọ. Ńṣe ni wọ́n kọ́ ẹ̀rọ inú rẹ̀ láti parọ́ fún kọ̀ǹpútà. Ẹ ó máa kó fọ́tò sí i, kò ní ṣàwáwí, orúkọ fáìlì á pé pérépéré. Bí ààyè tó ní gan-an bá ti kún, á máa kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí, tàbí kó da tuntun nù. Ọjọ́ tí oníbàárà bá wá gba fọ́tò rẹ̀ ni àṣírí á tú. Ẹ fi ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní H2testw dán an wò lórí Windows, tàbí F3 lórí Mac àti Linux. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Wọ́n á kọ fáìlì kún un, wọ́n á tún kà á padà, ẹ ó sì mọ ààyè tó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ bá ẹni tó tà á ṣàdéhùn ṣáájú kí ẹ tó sanwó pé bí kò bá pé, ẹ ó dá a padà.

Nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun, ẹ fọ́máàtì ohun tí ẹ rà sí exFAT, ọ̀kan lára àwọn ìlànà tí dísìkì fi ń to fáìlì, bíi FAT32 àti NTFS. FAT32 kì í gba fídíò tó bá tó 4GB, ọ̀pọ̀ fóònù kì í sì í ka NTFS.

Tó bá di kíkó, Copy ni kí ẹ lò, kì í ṣe Cut. Lórí USB 2.0, 45GB á gba nǹkan bíi ìṣẹ́jú 25. Lórí USB 3.0, ó lè má pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí bátìrì láàpútọ́ọ̀pù bá ti kú, ẹ má bẹ̀rẹ̀ lórí iná NEPA nìkan: ìwọ̀nba ìgbà tí wọ́n gba iná kí jẹnẹrétọ̀ tó gbé e ti tó láti já fáìlì. Tó bá parí, ẹ wo iye fáìlì àti iye byte (ìwọ̀n wọn) lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kí wọ́n dọ́gba. Ẹ má fi àwòrán kékeré inú fódà ṣe ẹ̀rí, nítorí ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì JPEG ni kámẹ́rà ń tọ́jú rẹ̀ sí, ó sì lè hàn kedere nígbà tí ìyókù ti já. Ẹ ṣí díẹ̀ nínú wọn, kí ẹ fẹ̀ wọ́n. Bí ẹ bá ya aṣọ ipò, aṣọ pupa ìsìnkú, níbi ìsìnkú ní Bùnú, ẹ lè rí i kí òkè rẹ̀ pupa rekete, kí òwú rẹ̀ ṣeé kà, kí gbogbo ìsàlẹ̀ sì rí bí eérú. Fáìlì tí kò dé tán nìyẹn.

Google ń fúnni ní 15GB lọ́fẹ̀ẹ́, tí fọ́tò àti Gmail yín jọ ń pín. Àṣàyàn fọ́tò ni kí ẹ kó síbẹ̀. Bó bá jẹ́ WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi document, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á fún fọ́tò náà pọ̀.

Hard disk 1TB méjì wù wá ju 2TB kan lọ. Ẹ fi ọ̀kan sílé, kí èkejì wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín ní Ìsánlú tàbí Lọ́kọ́ja, kí olè tàbí iná má baà kó méjèèjì lọ. Ẹ fi ọ̀rá dì í dáadáa nígbà ọyẹ́, ẹ má sì fi í sínú mọ́tò tó wà lóòrùn.

Ìgbà tí ibi méjèèjì bá ti pé ni kí ẹ wá fọ́máàtì káàdì, nínú kámẹ́rà fúnra rẹ̀. Bí ọwọ́ bá ṣì yá jù tí fọ́tò lọ, ẹ yọ káàdì náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má ya ẹyọ kan sí i. PhotoRec, ètò kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, sábà máa ń rí púpọ̀ gbà padà, ṣùgbọ́n orí dísìkì mìíràn ni kí ẹ ní kó kó wọn sí, kì í ṣe orí káàdì yẹn.