Lẹ́tà méje rèé: báwo la ṣe ń wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gígùn jáde lára wọn?

Ẹ mú E, G, H, I, L, N àti T. Ẹ wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gùn tí gbogbo wọn wà nínú rẹ̀. Irú nǹkan báyìí ni àwọn tó fẹ́ràn Scrabble fi ń dán ara wọn wò, ibẹ̀ la sì ti ń mọ ọ̀ta yàtọ̀ sí ọ̀pẹ.

Ìbéèrè: Kí ni wọ́n ń béèrè gan-an?

Ìdáhùn: Ibí yìí ni àríyànjiyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ìdáhùn wọn ò sì jọra.

Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́tà méje yẹn nìkan lẹ lè lò, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, LIGHTEN ni, ọ̀rọ̀ tán. Bí wọ́n bá ní ẹ lè lo lẹ́tà kan léraléra, àmọ́ kí ẹ má mú àlejò wọlé, ENLIGHTENING dé, lẹ́tà méjìlá. Bí eré Spelling Bee ti ìwé ìròyìn New York Times ṣe rí nìyẹn: lẹ́tà méje, èyí tó wà láàárín jẹ́ dandan, ọ̀rọ̀ ò sì gbọdọ̀ dín ní lẹ́tà mẹ́rin. Ẹ̀kẹta ni pé kí méje náà ṣáà ti pé, lẹ́tà yòówù lè dara pọ̀ mọ́ wọn. Ìgbà yẹn ni NIGHTINGALE (11), ENLIGHTENMENT (13) àti HEARTRENDINGLY (14) wọlé. NIGHTINGALE ló wù mí jù nínú wọn. Gbogbo ẹni tó bá ti gbọ́ orúkọ Florence Nightingale ló mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ ojú máa ń fò ó.

Ìbéèrè: A mọ ọ̀rọ̀ náà, kí ló dé tí kì í fi tètè wá sọ́kàn?

Ìdáhùn: Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ la fi ń rántí rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dárúkọ ọ̀rọ̀ tó fi L bẹ̀rẹ̀, ẹ ó ti ka ogún kí ẹ tó ṣẹ́jú. Àmọ́ tí wọ́n bá ní èyí tí H jẹ́ lẹ́tà kẹrin nínú rẹ̀ ńkọ́? Àwa tó ń sọ Yorùbá tún ní tiwa. Etí wa máa ń retí fáwẹ̀lì láàárín kọ́nsónáǹtì méjì, òun ló sọ school di súkúù. STRENGTHS, lẹ́tà mẹ́sàn-án tí fáwẹ̀lì kan péré wà nínú rẹ̀, kì í wá sí wa lọ́kàn bọ̀rọ̀.

Ìbéèrè: Tí kò bá sí kọ̀ǹpútà nítòsí ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ fi orí ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ẹ lọ di ìrù rẹ̀ mú. Àwọn ìrù kan wà tí Gẹ̀ẹ́sì ń so mọ́ ọ̀rọ̀ kiri: -ING, -MENT, -NESS, -ABLE, -LY, -TION, -EN. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwọn lẹ́tà tí kì í fẹ́ dá rìn. Q kì í sábà jáde láìmú U dání. H fẹ́ràn ẹ̀yìn G, T, C, S, P àti W.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí tiwa. G, H àti T wà níbẹ̀: GHT. I sábà máa ń ṣáájú wọn: IGHT. Ẹ gbé L síwájú, ó di LIGHT. E àti N ló kù, ìrù sì ni EN: LIGHTEN. Ẹ tún fi EN mìíràn sórí, kí ẹ fi ING sí ẹ̀yìn, ENLIGHTENING yọ. Ohun kan tó tún máa ń ràn mí lọ́wọ́ ni kí n to àwọn lẹ́tà náà yípo dípò kí n kọ wọ́n sórí ìlà kan, kí ojú má baà rọ̀ mọ́ bí wọ́n ṣe tò.

Ìbéèrè: Báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣe é?

Ìdáhùn: Kò gbọ́n jù wá, ó kàn yára ni. Lórí kọ̀ǹpútà Mac àti ọ̀pọ̀ tó ń lo Linux, àkójọ ọ̀rọ̀ kan wà níbi /usr/share/dict/words. Ẹ kọ èyí sínú Terminal, ibi tí a ti ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà:

grep e /usr/share/dict/words | grep g | grep h | grep i | grep l | grep n | grep t

Asẹ́ ni grep kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ tí kò bá ní lẹ́tà tí asẹ́ náà ń wá kò ní kọjá.

Fún ti LIGHTEN, tí a kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan kún un, ọgbọ́n mìíràn wà: ẹ to lẹ́tà ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń ka A, B, D. TRIANGLE á di AEGILNRT. INTEGRAL, RELATING, ALTERING àti ALERTING náà á di AEGILNRT, ẹ ó sì rí i pé ọmọ ìyá ni gbogbo wọn.

Ìbéèrè: Èwo ló wá gùn jù?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ àwọn oníṣègùn ló sábà máa ń gba ipò yìí. Ọ̀kan lára àwọn tó gùn jù fún méje tiwa ni ELECTROENCEPHALOGRAPHIC, lẹ́tà 23, tó jẹ mọ́ wíwọn iná tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ. Ẹ máa kà á, gbogbo méje pé síbẹ̀. PNEUMONOULTRAMICROSCOPICSILICOVOLCANOCONIOSIS, orúkọ àìsàn ẹ̀dọ̀fóró kan tó ní lẹ́tà 45, tí Everett Smith, ààrẹ National Puzzlers' League ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1935, kò wọlé rárá. Kò ní G, kò ní H.

Ìbéèrè: Ṣé ọ̀rọ̀ gígùn ni kí n máa lé nínú Scrabble?

Ìdáhùn: Kì í ṣe nígbà gbogbo. Máàkì 11 ni lẹ́tà LIGHTEN jẹ́, àmọ́ ẹni tó bá lo méjèèje lẹ́ẹ̀kan náà á gba 50 sí i, ó di 61. Ìyẹn dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà, gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní Perth, ní Australia, ní 2015, tó na Lewis MacKay ti England 4-0, FELTY ni ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń sọ. Lẹ́tà márùn-ún. A mọ àwọn eléré wa mọ́ fífi ọ̀rọ̀ gígùn sílẹ̀ nígbà mìíràn, kí lẹ́tà tó dáa lè kù sọ́wọ́ wọn, kí ẹni kejì má sì rí àyè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ bọ́ sí ṣe pàtàkì ju gígùn rẹ̀ lọ. Ní 2006, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, Michael Cresta fi QUIXOTRY gba máàkì 365 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ 27. X bọ́ sórí àyè tó ń sọ lẹ́tà di ìlọ́po méjì, ó di 35. Ọ̀rọ̀ náà tún kan àyè méjì tó ń sọ ọ̀rọ̀ di ìlọ́po mẹ́ta, ìlọ́po mẹ́sàn-án nìyẹn, 35 di 315, 50 sì gun orí rẹ̀.