Ooru Tó Ń Rìn Lábẹ́ Ebè: Bí A Ṣe Ń Yan Ẹ̀rọ Tí Yóò Kọ Ọ́ Sílẹ̀

Ẹni tó bá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí ebè iṣu ní aago méjì ọ̀sán nínú oṣù kejì ọdún, ní Ọ̀mùò tàbí ní Ìjerò, kò ní pẹ́ gbé e kúrò. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ọwọ́ kan náà bọ inú ebè títí dé ìgúnpá, ìtura ni yóò bá níbẹ̀. Nítorí awọ ilẹ̀ tó ń jóni yẹn ni àgbẹ̀ Èkìtì ṣe ń fi koríko gbígbẹ dé orí ebè lẹ́yìn tó bá gbin iṣu ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí èbù má baà jóná sínú ilẹ̀. Bí a bá wá fẹ́ mọ iye tí koríko náà fi dín ooru kù, lọ́sàn-án, lóru, láti ìgbà ọyẹ́ títí di òjò àkọ́rọ̀, ọwọ́ nìkan kò lè sọ ọ́. Data logger, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ooru tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ni à ń lò.

Ohun tó wà nínú logger kò gba àlàyé púpọ̀: sensor tó ń mọ ooru, aago, ibi ìpamọ́, bátìrì. Ó ń wò, ó ń kọ, ó ń sùn, ó tún ń jí. Yíyàn rẹ̀ ni iṣẹ́ wà, nítorí ọ̀pọ̀ èyí tó wà lọ́jà ni wọ́n ṣe fún fìríìjì òògùn àti ọkọ̀ tó ń kó ẹja dídì, wọn kò ro ti ebè mọ́ ọn.

Àṣìṣe kan wà tó ń bí ni nínú, tí kò sì fẹ́ tán nílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra logger á wo ojú ẹ̀rọ, á rí 28.37, á ní èyí dára ju ìkejì tó kọ 28.5 lọ, torí pé nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn pọ́ìntì rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó ti ra gààrì rí ní Ọjà Ọba ní Adó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń tà á lè fara balẹ̀ ka gààrì ní hóró kọ̀ọ̀kan sínú kọ́ńgò; bí wọ́n bá ti lu ìdí kọ́ńgò náà wọnú, irọ́ ni gbogbo kíkà yẹn. Kí ìlà ara òṣùwọ̀n wẹ́ jẹ́ ọ̀tọ̀, kí òṣùwọ̀n náà máa sọ òótọ́ jẹ́ ọ̀tọ̀.

Ẹ wo sensor tó ń jẹ́ DS18B20, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn torí pé kò wọ́n, wọ́n sì máa ń tà á nínú ọ̀pá irin kékeré tí omi kì í tètè wọ̀. Ìlà tó wẹ́ jù tó lè kà jẹ́ 0.0625 °C. Ṣùgbọ́n ìlérí àwọn tó ṣe é ni pé kò ní fi ju 0.5 °C yẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀, bí ooru bá wà láàárín 10 tó wà lábẹ́ òdo àti 85. Ìlà wẹ́wẹ́ mẹ́jọ ló lè sá pamọ́ sínú ìyẹ̀ kan ṣoṣo yẹn. Ayédèrú rẹ̀ sì kún ọjà, èyí tí kò ṣe ìlérí kankan. Sensor yìí kan náà tún ní ìwà kan: bí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ara rẹ̀, tí a bi í léèrè kó tó wọn ohunkóhun, 85 gẹ́lẹ́ ni yóò dáhùn. Bí a bá rí 85 láàárín àkọsílẹ̀ oko, kí á má tíì wí pé ilẹ̀ gbóná o; wáyà ló ń já tó tún ń so.

Ṣé nọ́ńbà wẹ́wẹ́ kò wúlò rárá nìyẹn? Ó wúlò, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ló ti wúlò jù, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn.

Ooru kì í wọ ilẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń wọ yàrá. Ńṣe ló ń rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wúwo. Ẹ fi wé ìròyìn ìnáwó. Ìnáwó ńlá ń lọ lọ́wọ́ ní ìta ààfin. Ẹni tí ilé rẹ̀ kángun sí ààfin ń gbọ́ ìlù fúnra rẹ̀. Ó sọ fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mú díẹ̀ pamọ́ sọ́wọ́. Ẹni yẹn sọ fún àwọn tó ń lọ oko etílé, òun náà mú tirẹ̀. Kí ìròyìn tó dé abà tó jìnnà jù, ilẹ̀ ti ṣú, wọ́n ti ń kó àga, ohun tó sì kan bàbá àgbà tó wà ní abà kò ju "wọ́n ní nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nílé" lọ. Ní àkókò tí bàbá wá ń wá agbádá láti lọ jó, àwọn ará ilé ti sùn fọnfọn. Òjò náà ní ipa tirẹ̀ níbẹ̀: nígbà tí omi bá dí àlàfo tó wà láàárín hóró erùpẹ̀, ńṣe ló dà bí ìgbà tí àwọn èèyàn sún mọ́ra, ọ̀rọ̀ á tètè kọjá lẹ́nu wọn ju ìgbà tí ilẹ̀ gbẹ lọ. Koríko tí a fi dé ebè wá dà bí onígèètì tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ààfin, tí kì í jẹ́ kí ìlù ìta hàn ketekete sí ẹnikẹ́ni.

Kí á fi nọ́ńbà sí i. Nínú erùpẹ̀ tó wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, tí kò gbẹ jù tí kò sì rin jù, ìlọsókè-sódò ooru ojúmọ́ kan máa ń ṣẹ́kù sí nǹkan bí ìdá 37 nínú 100 bí ó bá ti wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 12, á sì pẹ́ tó wákàtí mẹ́rin ó dín díẹ̀. Ní sẹ̀ǹtímítà 12 mìíràn, á tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìyókù. Ká ní awọ ilẹ̀ jẹ́ 22 °C ní ìdájí, tó sì di 48 °C ní aago méjì ọ̀sán. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 26. Ní sẹ̀ǹtímítà 12, ìyàtọ̀ ọ̀sán àti òru kò ní pé 10 mọ́. Ní 24, nǹkan bíi mẹ́ta ààbọ̀. Ní 36, dígírì kan àti díẹ̀, ibẹ̀ á sì gbóná jù lọ ní nǹkan bí aago kan ààbọ̀ òru, nígbà tí òkè ti ń di tútù. Ní 48, ó ku nǹkan bí ìdajì dígírì.

Ẹni tó bá lóye èyí ti yan logger rẹ̀ tán ní ìdajì. Ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, níbi tí ooru ti ń fò tó 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, sensor olówó pọ́ọ́kú tó lè fi ìdajì dígírì yẹ̀ kò ní ba nǹkan jẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ri logger tó ń fi ìdajì dígírì ṣe ìgbésẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 50, ìlà gbọọrọ ni yóò yà, a ó sì búra pé ilẹ̀ ibẹ̀ kò mọ ọ̀sán mọ́ òru. Owó ńlá yẹ kó wọlẹ̀ pẹ̀lú sensor ìsàlẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ ni àwọn èèyàn sábà ń ṣe: wọ́n á fi èyí tó dára jù síbi tí ojú ti rí i.

Ìròyìn ojúmọ́ ló ń kú lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ti ọdún, ìyẹn ti ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò, rìn jìnnà jù ú lọ ní ìlọ́po 19, torí pé ohun tó bá ń yí pa dà díẹ̀díẹ̀ máa ń ráyè wọlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí James Forbes, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, fi ri tẹmómítà mọ́lẹ̀ ní Edinburgh, ní Scotland, ní 1837. Èyí tó jìn jù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà mẹ́jọ. Ọgbọ́n tó dá dára, ṣùgbọ́n àbùkù kan wà lára rẹ̀. Tẹmómítà yẹn ní ọrùn gígùn tó yọ sókè ilẹ̀ kí wọ́n lè kà á, ọtí tó wà nínú ọrùn náà sì ń gba ooru gbogbo ibi tó gbà kọjá. Wọ́n ní láti máa fi ìṣirò yọ ooru ọrùn kúrò lára ooru ìsàlẹ̀. Àbùkù yẹn kò tíì kú. Ẹni tó bá gún ọ̀pá irin gígùn wọlẹ̀ lóòró lónìí ń ka ooru irin tí oòrùn ń pa lókè mọ́ ti ilẹ̀, omi òjò á sì tún máa gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá náà sàn lọ bá sensor.

Ìwọ̀n ìgbà tí logger máa ń kọ̀wé náà, ọ̀dọ̀ ilẹ̀ ló ti ń wá. Ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, òjò àkọ́rọ̀ kan lè já ooru walẹ̀ lójijì, nítorí náà ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dára: 96 lójúmọ́, 35,040 lọ́dún. Ní 50, ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí tó, 8,760 lọ́dún. Ẹni tó bá ń kọ ti 50 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan dà bí ẹni tó ń lọ kan ilẹ̀kùn bàbá inú abà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan láti bi í bóyá ó ti gbọ́ nǹkan. Logger kékeré tó dà bí bọ́tìnnì, DS1921G, kò gbà ju àkọsílẹ̀ 2,048 lọ: ọjọ́ 85 bí ó bá ń kọ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ 21 péré bí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ibi ìpamọ́ bá kún? Òmíràn á dúró. Òmíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Ẹni tó ri ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ ní oṣù kọkànlá, tó pa dà wá ní oṣù kẹrin, lè bá òjò àkọ́rọ̀ nínú rẹ̀ kó má sì rí ọyẹ́ kankan mọ́. Fún fìríìjì, kíkọ-lé-àtijọ́ bójú mu, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá ni wọ́n ń wá. Fún oko, ìwà burúkú ni, ó sì ṣe ni láàánú pé inú ètò kékeré kan tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí ni wọ́n máa ń fi í pamọ́ sí.

Aago náà ní tirẹ̀. Kírísítàlì tó wọ́pọ̀, èyí tó ń darí aago náà, lè fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹ̀ lọ́dún, ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni. Ewu rẹ̀ ni pé àwọn logger kan kì í kọ aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Àkókò ìbẹ̀rẹ̀ àti àlàfo nìkan ni wọ́n ń pa mọ́, kọ̀ǹpútà á wá ka ìyókù fúnra rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà tí a fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bá ń lo aago Lọ́ńdọ̀nù nígbà ọyẹ́, wákàtí kan ti sọ nù láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ooru sì ń fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta wọlẹ̀ ní wákàtí kan. Ẹni tó bá ń fi àkókò tó pẹ́ ṣírò bí ooru ṣe ń rìn yóò rò pé sensor òun fi ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ jìn sí ibi tí ó rì í mọ́.

Ti omi: àmì IP67 túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ náà lè wà nínú omi tó jìn ní mítà kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Òjò oṣù kẹsàn-án ní Èkìtì kì í ka ìṣẹ́jú. Èyí tó dára ni kí sensor nìkan wà nísàlẹ̀, kí àpótí logger wà lókè lábẹ́ ìbòjì, pẹ̀lú àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin nínú rẹ̀, kí wáyà sì gba abẹ́ àpótí wọlé, kí omi tó bá ń tọ wáyà bọ̀ lè kán sílẹ̀. Ikán ni ọ̀tá kejì, ó ń jẹ ara wáyà, nítorí náà inú páìpù omi tín-ínrín ni kí wáyà gbà. Ìkẹta ni ewúrẹ́.

Àwọn logger tó ń fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ránṣẹ́ wà, wọ́n sì wuni. Ṣùgbọ́n ìfiránṣẹ́ ń jẹ bátìrì ju wíwọn ooru lọ fíìfíì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀yìn òkè Ẹ̀fọ̀n sì ní ìgbà tó ń dé. Èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ kà sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹni tó bá débẹ̀ ni yóò rí i pé wọ́n ti ro ebè náà, sensor sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sì ti yọjú sí oòrùn.

Kí wọ́n tó rì í mọ́lẹ̀, ìdánwò kan wà tí kò ná ni ju owó pure water dídì mẹ́ta lọ. Wọ́n á fọ́ omi dídì náà wẹ́wẹ́ kún fúláàsì, wọ́n á bu omi tútù díẹ̀ sí i kó lè dà bí ògì, wọ́n á ti gbogbo sensor bọ̀ ọ́, wọ́n á sì máa rò ó. Òdo ni gbogbo wọn gbọ́dọ̀ kà. Èyí tó bá ka 0.4, wọ́n á kọ ọ́ sára wáyà rẹ̀ kí wọ́n lè máa yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn náà. Láìṣe èyí, kò sí bí a ṣe lè sọ pé ebè tí a bò tutù ju èyí tí a kò bò lọ ní dígírì kan, nígbà tí sensor méjèèjì lè máa yẹ̀ sí òdìkejì ara wọn.

Bí wọ́n bá wá ń rì í, ihò ni wọ́n ń gbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ara ògiri ihò, níbi tí ọkọ́ kò tíì kàn, ni wọ́n ń ti sensor bọ̀ ní ìbúlẹ̀, ní sẹ̀ǹtímítà 5, 10, 20, 50 àti 100, bí àjọ ojú ọjọ́ àgbáyé, WMO, ṣe là á sílẹ̀. Wáyà á rìn ní ìbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún bí gígùn apá èèyàn kan kó tó máa gòkè. Erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ á pa dà sísàlẹ̀, ti òkè á pa dà sókè. Ohun tí logger bá kọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí wọ́n dà á nù: ooru ihò tí a gbẹ́ ni, kì í tíì ṣe ti ilẹ̀.