Kí Ló Dé Tí Àlọ sí New York Fi Pẹ́ Ju Àbọ̀ Lọ?

Ẹni tó bá ń ti Kàbbà, Ìsánlú tàbí Mọ̀pà lọ sókè òkun, Abùjá tàbí Èkó ló ti sábà máa ń wọ bàálù. Láti Abùjá dé Heathrow ní London jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 4,770; láti Èkó, ó tó 5,000. Iye yìí kì í ṣe gbogbo ibi tí bàálù gbà kọjá. Ọ̀nà tó kúrú jù láti pápákọ̀ kan sí èkejì, lórí ayé tó rí róbótó, ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìlà ọ̀nà náà fi máa ń tẹ̀ lórí máàpù pẹlẹbẹ. Bàálù London sí Los Angeles lè gba òkè Greenland kọjá láìṣìnà rárá.

Tí bàálù ńlá bá ti dé òkè, á máa sá tó kìlómítà 900 ní wákàtí kan. Nítorí náà, kìlómítà 230 tí Abùjá fi sún mọ́ London ju Èkó lọ kò ju ìṣẹ́jú 15 lójú ọ̀run. Fún ọmọ Okun, ìyẹn Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, ìrìn mọ́tò lójú ọ̀nà Gwagwalada sí Lọ́kọ́jà ló yẹ kó mú un yan Abùjá, kì í ṣe ìṣẹ́jú yẹn.

Ohun tó ń da ìṣirò rú jù ni afẹ́fẹ́. Ní nǹkan bí kìlómítà 9 sí 12 lókè, afẹ́fẹ́ líle kan wà tó ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn, ó sì lágbára gan-an lórí apá àríwá òkun Àtìláńtíìkì. Ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ lórí Odò Ọya mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí omi máa gbéni lọ àti kéèyàn kọjú ìjà sí i. Bí afẹ́fẹ́ bá ń sá ní kìlómítà 100 ní wákàtí kan, bàálù tó kọjú sí i á máa lọ ní 800, èyí tó kẹ̀yìn sí i á máa lọ ní 1,000. Èkó sí New York jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 8,440: àlọ, tó ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn tó sì kọjú sí afẹ́fẹ́, máa ń ju wákàtí 11 lọ, àbọ̀ sì máa ń tó nǹkan bí 10. Ti Abùjá sí London kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, torí ẹ̀gbẹ́ ni afẹ́fẹ́ náà ti ń kọlu bàálù tó ń lọ sí àríwá.

Aago tó wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì náà ń tan èèyàn. Aago ìlú tí bàálù ti gbéra ni wọ́n kọ fún ìgbéra, aago ìlú tó ti balẹ̀ ni wọ́n kọ fún ìbalẹ̀. Láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, New York fi wákàtí 6 wà lẹ́yìn wa. Lẹ́yìn náà, ó di 5. Bí bàálù bá kúrò l'Ékòó ní aago 11 alẹ́ lóṣù Kìíní, tó sì balẹ̀ ní aago 4 àbọ̀ ìdájí, ó dà bí wákàtí 5 àbọ̀. Ẹ fi 6 kún un: wákàtí 11 àbọ̀ ni. Tó bá jẹ́ pé ẹ ń retí ẹni tó ń bọ̀, ẹ yọ 6 kúrò ni.