Láti "kọ̀wé" dé "akọ̀wé": bí ọ̀rọ̀-ìṣe ṣe ń di ọ̀rọ̀-orúkọ

Bí èèyàn bá fẹsẹ̀ rìn láti Mayfair dé Lágéré ní Ilé-Ifẹ̀, yóò kọjá lára aránṣọ, ẹlẹ́ja, gbẹ́nàgbẹ́nà, awakọ̀ àti ọlọ́kadà kó tó rìn jìnnà. Kò sí ìkankan nínú orúkọ iṣẹ́ márààrún yìí tí kò ṣeé tú. Bí a bá já okùn wọn, ọ̀rọ̀-ìṣe tàbí ọ̀rọ̀-orúkọ mìíràn ni yóò jábọ́ láti inú wọn.

Ojú lásán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti fi mọ ọ̀rọ̀-ìṣe yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀-orúkọ nínú èdè Yorùbá. Kọ́ńsónáǹtì ló ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe, púpọ̀ nínú wọn kò sì ju sílébù kan lọ: jẹ, tà, rà, kọ, rán. Fáwẹ́lì ló sábà máa ń ṣíwájú ọ̀rọ̀-orúkọ: ọjà, epo, ẹja, aṣọ. Ohùn òkè kì í sì í wà lórí fáwẹ́lì àkọ́kọ́ yẹn, àfi nínú ọ̀rọ̀ àyálò bí íńkì. Bàbá àti bàtà kò tẹ̀ lé òfin fáwẹ́lì iwájú yìí, àmọ́ irú wọn kò pọ̀ tó ti àwọn yòókù. Òfin mìíràn tún wà: nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, "u" kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà Ifẹ̀ ibi tó ti wá, "Ufẹ̀" ni yóò sọ, "ulé" ló sì ń lọ. Tíṣà lè fi pupa fa igi sí i nínú ìwé ọmọ, síbẹ̀ àṣìṣe kọ́. Òfin ẹ̀ka-èdè tirẹ̀ ni.

Níwọ̀n bí ọ̀rọ̀-orúkọ ti ń fẹ́ fáwẹ́lì níwájú, iṣẹ́ ẹni tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di orúkọ ti yé: kó wá fáwẹ́lì fi dé e lórí. Ẹ jẹ́ ká mú "kọ" àti "ìwé". Bí wọ́n bá pàdé, fáwẹ́lì méjì fẹnu kora, ọ̀kan gbọ́dọ̀ yẹ̀ fún èkejì. "Ì" ti "ìwé" ló pa jẹ, àmọ́ ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ kò bá a kú. Ó fò sórí "kọ", tó jẹ́ ohùn àárín tẹ́lẹ̀, ó di "kọ̀wé". Ẹ wò ó lára "jẹ" àti "iṣu": ohùn àárín ni "i" gbé wá, kò sí ohun tó máa fi sílẹ̀, "jẹṣu" ni wọ́n dà. Òkú fáwẹ́lì tó fi ohùn jogún fún aládùúgbò rẹ̀, irú èyí wọ́pọ̀ nínú èdè wa débi pé a kì í fura sí i.

Ó wá ku àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Fi a- síwájú kọ̀wé, akọ̀wé dé: ẹni tó ń jókòó sídìí fáìlì ní ọ́fíìsì. Fi òǹ- síbẹ̀, òǹkọ̀wé ni: ẹni tó ń ti inú orí ara rẹ̀ kọ ìtàn. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà, ìwé kan náà, àfòmọ́ nìkan ló yàtọ̀. Bí wọ́n bá ké sí akọ̀wé ẹgbẹ́, òǹkọ̀wé kò ní dìde. Ìdí tí "a-" fi bọ́ sí ọ́fíìsì tí "òǹ-" sì bọ́ sídìí ìwé ìtàn, kò sí òfin tó là á kalẹ̀. Bí àwọn èèyàn ṣe lò ó ló ṣe dúró. Ì- ní tirẹ̀ ń mú iṣẹ́ fúnra rẹ̀ tàbí irinṣẹ́ jáde, ìyẹn ló fi jẹ́ tábìlì ìkọ̀wé. Ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ẹ̀rọ ìránṣọ ló wà níwájú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé télọ̀ ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ń pè é. Àì- ló ń sọ pé nǹkan ò ṣẹlẹ̀: àìsàn, àìrówó, àìgbọ́ràn.

Ọ̀nà mìíràn ni àpètúnpè. Èyí tó jẹ́ ẹlẹ́bẹ, tí kì í tún gbogbo ọ̀rọ̀ pè, máa ń mú kọ́ńsónáǹtì ọ̀rọ̀-ìṣe, á fi "í" olóhùn òkè tì í: lọ di lílọ, tà di títà, jẹ di jíjẹ. Ìdí àtẹ ẹlẹ́ja ló ti hàn jù: ẹja díndín, ẹja yíyan, ẹja gbígbẹ. Ẹja tútù náà wà níbẹ̀, òun ni ká tẹ́tí sí dáadáa. "Ẹja náà tutù": ọ̀rọ̀-ìṣe nìyẹn, ohùn àárín ló fi bẹ̀rẹ̀. "Ẹja tútù": ohùn ti gòkè, ó ti di ohun tó ń sọ irú ẹja tó jẹ́. Ọ̀rọ̀-àpèjúwe ni àbí ọ̀rọ̀-orúkọ tó wá dúró ti ọ̀rọ̀-orúkọ? Àwọn onímọ̀ gírámà kò tíì fẹnu kò. Èyí tó dájú ni pé púpọ̀ nínú ohun tí èdè mìíràn ń fi ọ̀rọ̀-àpèjúwe sọ, ọ̀rọ̀-ìṣe ni Yorùbá fi ń sọ ọ́: ó ga, ó dára, ó tóbi.

Àpètúnpè kíkún ń sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Gbẹ́ ọnà lẹ́ẹ̀mejì, gbẹ́nàgbẹ́nà. Pa iná lẹ́ẹ̀mejì, panápaná. Woléwolé tó ń wá wo ìdọ̀tí àti kólékólé tó ń wá kó ẹrù, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà wọ inú èdè.

"Oní-" kì í fọwọ́ kan ọ̀rọ̀-ìṣe, ọ̀rọ̀-orúkọ ló ń bá rìn. Bí ọ̀rọ̀ náà bá fi "i" tàbí kọ́ńsónáǹtì bẹ̀rẹ̀, "n" rẹ̀ á dúró: oníṣu, onímọ́tò, oníPOS. Bó bá jẹ́ fáwẹ́lì mìíràn, "n" á di "l", fáwẹ́lì "oní" á sì di irú ti ọ̀rọ̀ tó bá pàdé: aláṣọ, elépo, ẹlẹ́ja, ọlọ́bẹ̀. Bákan náà ni "ní" ṣe ń ṣe nínú nílé àti lọ́jà. Ọ̀kadà tó dé lẹ́yìn náà kò rí ààyè yan tirẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ló di ọlọ́kadà.

Àwọn èdè tó yí wa ká ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lọ́nà tiwọn. Ìgbò ń lo fáwẹ́lì pẹ̀lú àpètúnpè: "ri" ni jẹ, "oriri" sì ni àsè. Ewe, èdè ilẹ̀ Ghana àti Togo, náà ń pe ọ̀rọ̀-ìṣe ní ìlọ́po: "yi" ni lọ, "yiyi" ni lílọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni wọ́n ń fi àmì olùṣe sí: "dɔ" ni iṣẹ́, "wɔ" ni ṣe, "dɔwɔla" sì ni òṣìṣẹ́. Iwájú ni tiwa máa ń wà. Hausa, tí a ń gbọ́ ní Sábó, kì í ṣe ẹbí Yorùbá rárá, síbẹ̀ iwájú ló ń fi "ma-" sí: "noma" ni iṣẹ́ oko, "manomi" ni àgbẹ̀. "Ma-" yìí kan náà ló ń sọ ibi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀. "Karanta" ni kàwé, "makaranta" ni ilé-ìwé.

Ní ti ibi, "ilé" tàbí "ibi" ni Yorùbá sábà máa ń yá lò: ilé-ìwòsàn, ilé-ìwé. Ibùsùn àti ibùjókòó ló ṣàjèjì díẹ̀. Ibo ni "ù" àárín wọn ti wá? Ọ̀nà tó rọrùn jù láti tú wọn ni ibi + ùsùn, ibi + ùjókòó: àfòmọ́ "ù-" tí Yorùbá àjùmọ̀lò kì í jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, tó sì wá fara pamọ́ sí àárín. Kò jìnnà sí "u" tí àgbà Ifẹ̀ fi ń pe Ufẹ̀.