Pupa inú kúínsì kì í ṣe kọ́lọ̀ tí wọ́n dà sí i

Èso ni kúínsì (quince), ẹbí kan náà ni òun àti ápù, ó yẹ́lò, ó ní irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára téèyàn lè fọwọ́ nù kúrò, òórùn ẹ̀ sì ń ta sánsán débi pé ẹyọ kan péré lè gba gbogbo yàrá. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gé e jẹ ní tútù, ẹnu á fà pọ̀ ni.

Gbígbìn ẹ̀ ò le. Igi kan ṣoṣo lè dá so, ó kàn ń fẹ́ ìgbà òtútù gidi kó tó lè tanná dáadáa, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣe dáadáa ní Túrkì àti Íránì. Inú ìkòkò gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ní Túrkì, wọ́n á là á sí méjì, wọ́n á gbẹ́ inú ẹ̀, wọ́n á da ṣúgà àti omi díẹ̀ sí i, wọ́n á fún lẹ́mọ́ọ̀nù lé e, wọ́n á ju kóró ẹ̀ náà sí i torí oje tó ń yọ̀ lára kóró yẹn máa ń jẹ́ kí omi ṣúgà ki, wọ́n á wá dé e sórí iná jẹ́jẹ́. (Kóró yẹn, ẹ ṣà á kúrò kẹ́ ẹ tó jẹun o, májèlé díẹ̀ wà nínú ẹ̀ téèyàn bá rún un.) Láàárín ìṣẹ́jú 30 sí 40 ó ti rọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì yẹ́lò. Tó bá fi máa di wákàtí 2 sí 3, ó ti pọ́n yòò.

Ibi tí wọ́n ti máa ń bí èèyàn nínú nìyí, wọ́n á ní kọ́lọ̀ ni wọ́n dà sí i, àbí ṣúgà ló jóná. Lóòótọ́ àwọn tí ò ní sùúrù ń da kọ́lọ̀ sí i, àmọ́ ṣúgà tó jóná bíráùn ló máa ń ṣe, ó sì máa ń korò. Ara èso yẹn fúnra ẹ̀ ni pupa yẹn ti wá.

Tánnìn, èròjà kan tó wà nínú èso yẹn, ló ń fa ẹnu pọ̀. Ẹ wò ó bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sókùn gígùn: bó ṣe wà lórí okùn yẹn kò ní àwọ̀, okùn yẹn náà ló sì ń wé mọ́ itọ́ wa tí ahọ́n fi ń gbẹ. Iná àti lẹ́mọ́ọ̀nù ló ń já a, kì í sì í já lẹ́ẹ̀kan náà, ìlẹ̀kẹ̀ kan á bọ́ síbí, òmíràn á bọ́ sọ́hùn-ún, èyí tó bá ti dá wà nínú omi kíkan á pọ́n. Ẹbí àwọ̀ inú sóbò ni. Torí ẹ̀ ni kúínsì tó ti pọ́n dáadáa kì í fi í fa ẹnu pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, okùn ti já. Èyí tí ìlẹ̀kẹ̀ ẹ̀ ò bá sì pọ̀ látilẹ̀, ẹ sè é títí, píńkì náà ló máa mọ.

Igi yìí gbọ́n o. Nǹkan tó fi ń ṣọ́ èso ẹ̀ kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́ náà ló di ẹwà ẹ̀ lórí iná.

Àwọn ará Spéìn ń lọ̀ ọ́, wọ́n á fi ṣúgà rò ó títí á fi ki, tó bá tutù á dì fúnra ẹ̀ torí pẹ́kítìn, ìyẹn èròjà inú èso tó ń jẹ́ kí nǹkan dì, pọ̀ nínú ẹ̀, wọ́n á wá gé e jẹ pẹ̀lú wàràkàṣì. Àwọn Pọ́túgàl gbé irú ẹ̀ dé Bràsíl, àmọ́ níbi tí ooru ti pọ̀ jù fún kúínsì, gúáfà ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀, wọ́n ṣì ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú wàràkàṣì títí dòní.