Owó Tó Ṣẹ́kù Kọ́ Là Ń Fi Ra Power Supply

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé kọ̀ǹpútà géèmù rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù n'Íkejà. Gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kéèsì rẹ̀, fáànù mẹ́fà ló ń tàn yinrinyinrin nínú rẹ̀ bí ilé ìgbéyàwó. Àmọ́ tó bá ti wọ géèmù, kọ̀ǹpútà á kú lójijì. Mo yẹ RX 580 tòkunbọ̀ tó wà nínú rẹ̀ wò, ìyẹn káàdì tó ń gbé àwòrán géèmù jáde, kò sóhun tó ṣe é. Mo wá béèrè power supply, àpótí irin tó ń pín iná fún gbogbo ara kọ̀ǹpútà.

"Ẹ̀gbọ́n, owó tó ṣẹ́kù ni mo fi rà á o. Ṣùgbọ́n 800 watt ni!"

Ẹnì kẹrin nìyẹn láàárín oṣù kan.

Mi ò ní pẹ́ lórí processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) àti RAM (ibi tó ń kó iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí). Ẹni tó ra processor Ryzen 5 3600 kò ṣìnà, RAM 8GB méjì sì dáa ju 16GB ẹyọ kan lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀yẹn. Power supply ni tèmi.

Ẹ má wo nọ́ńbà gàdàgbà tí wọ́n kọ sára páálí. Ẹ ka àwọn nọ́ńbà wínníwínní tó wà lára irin rẹ̀, ẹ wá ibi tí 12V wà (iná tí káàdì àti processor ń jẹ), kí ẹ wo áńpíà tó wà níbẹ̀. Ti ọmọ yìí, 18A ni. 12 lọ́nà 18, 216 watt péré. Níbo ni 800 gbà lọ? RX 580 nìkan lè jẹ 185, Ryzen 5 3600 tiẹ̀ náà lè fa 88. Ó ti lé ní 270, a ò tíì ka fáànù olówó ẹyẹ. Kò ṣe ní kú? 550 watt gidi ì bá gbé gbogbo ẹ̀ láìmikanlẹ̀, owó fáànù mẹ́fà yẹn ì bá sì kún un.

Tẹ́ ẹ bá rí bọ́tìnì pupa lẹ́yìn power supply, kó wà ní 230 o. Ẹni tó fi í sí 115 tó wá tì í bọ iná ọba, ìró bíi ti ìbọn ló máa gbọ́.

Àwọn kan tó ń pera wọn ní ẹnjiníà ládùúgbò sì ń sọ fún èèyàn pé power supply 650 watt á jẹ yúníìtì mítà tán. Irọ́ gbuu! Ohun tí kọ̀ǹpútà bá bèèrè nìkan ló ń fà. Ogún ọdún tí mo ti ń tú nǹkan yìí, n kò tíì rí mítà tó ka nọ́ńbà ara páálí.

Ìyá kan pè mí sílé nígbà kan. Motherboard méjì (pátákó tí gbogbo nǹkan inú kọ̀ǹpútà jókòó lé) ló ti jó mọ́ ọmọ wọn lọ́wọ́. Nígbà tí mo débẹ̀, òróró àdúrà ń kán láti ihò fáànù kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ẹlẹ́ẹ̀kẹta sí. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn ló ń ṣe wọ́n. Bàbá yẹn ò tiẹ̀ lè wọlé wọn mọ́. Mo ṣí power supply lójú wọn (ẹ má dán an wò nílé o, kapásítọ̀ inú rẹ̀ ṣì lè gbé èèyàn lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá yọ wáyà). Ibi tó yẹ kí kọ́ìlì tó ń sẹ́ iná wà, ihò lásán ni, wáyà tín-ín-rín ni wọ́n fi so ó pọ̀. Gbogbo gìrì iná ọba àti ti jẹnẹrétọ̀, kò sóhun tó ń sẹ́ ẹ níbẹ̀.

Mọ́mì wò ó títí, wọ́n mi orí.

"Ẹnjiníà, ẹni tó ta nǹkan yìí fún ọmọ mi, ṣé kì í ṣe bùọ̀dá yẹn náà ló rán an?"

Mo gba owó iṣẹ́ mi.