Kànga ìṣọ́ ní ilé epo

Kànga ìṣọ́ ni ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gbẹ́ sí àyíká táǹkì epo tó wà lábẹ́ ilẹ̀, kí wọ́n lè máa wọn ibi tí omi dé, kí wọ́n sì lè bu omi náà lọ yẹ̀ wò bóyá epo ti jò sínú rẹ̀. Kì í ṣe kànga mímu. Ní ìlú bí Ilé-Ifẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé ti gbára lé kànga àfọwọ́gbẹ́ tàbí bóhóòlù, kànga ìṣọ́ ló lè jẹ́ kí aládùúgbò mọ̀ pé epo ń bọ̀ kí ó tó dé inú korobá rẹ̀.

Ilẹ̀ Ifẹ̀

Orí àpáta àtayébáyé ni Ifẹ̀ wà: gneiss, granite, àti schist tó nà lọ sí Iléṣà. Yangí àti ilẹ̀ pupa ló wà lókè, amọ̀ tẹ̀ lé e, kó tó kan àpáta tó ti jẹrà. Inú àpáta jíjẹrà yìí, àti ojú ibi tí àpáta líle ìsàlẹ̀ ti sán, ni omi ń gbé. Amọ̀ kì í jẹ́ kí omi yára rìn, ìyẹn sì ń dáàbò boni díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí epo bá bọ́ sójú ibi tí àpáta ti sán, ó lè gba ibẹ̀ lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò fọkàn sí. Nítorí náà, wíwo ìdagẹ̀rẹ̀ ojú ilẹ̀ nìkan kò tó láti fi mọ ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ ń lọ.

Ibi tí wọ́n ń gbẹ́ ẹ sí

Ó kéré tán, mẹ́ta ni wọ́n ń gbẹ́, wọn kò sì gbọ́dọ̀ tò sórí ìlà kan, torí ìyàtọ̀ gíga omi nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n fi ń ṣírò ibi tó ń ṣàn lọ. Ọ̀kan máa ń wà lápá ibi tí omi ti ń bọ̀, kí wọ́n má baà di ẹ̀bi ọgbà mẹ́káníìkì tó wà lókè ru ilé epo. Àwọn yòókù máa ń wà láàárín táǹkì àti kànga àwọn ará àdúgbò. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbẹ́ mítà àkọ́kọ́, kí ẹ̀rọ má lọ gún páìpù epo tàbí wáyà iná.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Páìpù PVC tí ìbú rẹ̀ tó ínǹṣì 2 ni wọ́n sábà máa ń lò. Ṣe ni wọ́n ń yí i wọnú ara wọn. Wọn kì í fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, nítorí kẹ́míkà inú gọ́ọ̀mù lè ba àyẹ̀wò jẹ́. Apá ìsàlẹ̀ páìpù ní ojú tín-ín-rín tí omi ń gbà wọlé.

Ibi tí ojú wọ̀nyí bá bọ́ sí ni gbogbo iṣẹ́ náà dá lé. Pẹtiróòlù fúyẹ́ ju omi lọ, orí omi ló ń léfòó sí. Omi abẹ́ ilẹ̀ Ifẹ̀ sì máa ń lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn, ó máa ń gòkè bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bí wọ́n bá gbẹ́ kànga ní oṣù kejì ọdún, tí wọ́n sì fi ojú páìpù mọ síbi tí omi wà lọ́jọ́ náà, tó bá di oṣù kẹsàn-án, epo á ti léfòó kọjá ojú páìpù. Omi tí wọ́n bá bù á mọ́ nígbà tí epo wà níta páìpù. Ó yẹ kí ojú náà bẹ̀rẹ̀ lókè ibi tí omi ìgbà òjò ń dé, kó sì kọjá ibi tí omi ẹ̀ẹ̀rùn ń sá sí.

Yanrìn mímọ́ ni wọ́n ń dà yí ojú páìpù ká. Amọ̀ bentonite, tó ń wú bí omi bá kàn án, ló ń wà lórí yanrìn, sìmẹ́ǹtì á wá tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ìdérí tó ní àgádágodo. Bí amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì yìí kò bá dí i dáadáa, òjò á máa fọ epo orí ilẹ̀ wọnú kànga, ọdẹ á wá di ẹni tó ṣílẹ̀kùn fólè. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á máa fa omi inú rẹ̀ títí á fi mọ́.

Àyẹ̀wò

Ìgò kékeré, mílílítà 40, ni wọ́n ń bu omi sí. Wọ́n ń kún un dẹ́nu, kí afẹ́fẹ́ kankan má ṣẹ́kù, torí pé benzene, kẹ́míkà olóró kan tó wà nínú pẹtiróòlù, tètè ń fò lọ. Inú yìnyín ló ń dé ilé àyẹ̀wò. Òdiwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ fún benzene nínú omi mímu ni máíkírógíráàmù 10 nínú lítà kan, nítorí ó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Ó lè ju èyí lọ ní ìlọ́po púpọ̀ kí imú tó gbọ́ òórùn rẹ̀, nítorí náà àìrùn omi kì í ṣe ẹ̀rí. Ní ọdún 2011, UNEP, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, ròyìn pé benzene tó wà nínú kànga mímu kan ní Nisisioken Ogale, nílẹ̀ Ogoni, ju òdiwọ̀n náà lọ ní ìlọ́po 900.

Ní Nàìjíríà, NMDPRA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó pínpín àti títa epo, tí òfin epo ọdún 2021 dá sílẹ̀, ló ń fún ilé epo ní ìwé àṣẹ.

Bí iṣẹ́ bá parí, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi ń dí kànga ìṣọ́ láti ìsàlẹ̀ dókè. Wọn kì í fi í sílẹ̀ lásán, wọn kì í sì í sọ ọ́ di kànga ilé.